Kí prógráàmù yín má baà dúró gbagidi: ìfiwéra àwọn ọ̀nà tí a fi ń sá fún deadlock

Nísàlẹ̀ yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Tánkẹ̀, nílùú Ìlọrin, aránṣọ kan wà tó ní ọmọṣẹ́ méjì. Àlùmọ́gàjí tó mú dáadáa kan ṣoṣo ni wọ́n ní, áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo náà sì ni. Iléyá ku ọjọ́ mẹ́ta. Aṣọ oníbàárà kún ilẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ lọ ra búrẹ́dì nígbà tí mo gbọ́ ohùn wọn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù yẹn fún mi. N ò ní pẹ́.”

“Àlùmọ́gàjí ọwọ́ rẹ ni mo ń dúró dè. Gbé e wá ná, kí n gé etí eléyìí, kí n tó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀.”

“Èmi náà ò lè gbé e sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo ti gé aṣọ yìí dé ìdajì.”

Wọn ò jà. Kò sí ọ̀lẹ nínú wọn. Ohun tí oníkálukú wọn ń sọ bọ́gbọ́n mu. Síbẹ̀ iṣẹ́ dúró, iná tí a ò mọ ìgbà tí wọ́n máa mú un lọ sì ń jó lásán.

Ọ̀gá wọn tó ti Ọjà Ọba dé kò béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ó ní: “Láti òní lọ, ẹni tó bá mọ̀ pé òun máa lo méjèèjì, àlùmọ́gàjí ni kó kọ́kọ́ mú. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá tíì tẹ àlùmọ́gàjí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù.”

Mo dúró lórí àtẹ̀gùn, mo gbàgbé búrẹ́dì. Ohun tó ti ń dà mí láàmú láti ọ̀sẹ̀ méjì ni bàbá náà fi gbólóhùn méjì yanjú yẹn.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ sí mi

Mo kọ prógráàmù kan fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní gúúsù Kwara. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń fi fóònù gbé owó láti àkáǹtì kan sí òmíràn. Java, ọ̀kan nínú àwọn èdè tí a fi ń kọ prógráàmù, ni mo fi kọ ọ́. Oríṣiríṣi thread ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ọ̀wọ́ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bá tirẹ̀ lọ láìdúró de ìkejì. Òwú ni ìtumọ̀ orúkọ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ti wo àwọn ahunṣọ wa nídìí òfì mọ bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún òwú ṣe lè lọ láìkọlu ara wọn, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń lọ́ mọ́ra.

Kí thread méjì má baà kọ nǹkan sí àkáǹtì kan náà pọ̀, mo fún àkáǹtì kọ̀ọ̀kan ní lock tirẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ni n ó máa pe lock láti ibí lọ, torí pé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ọ̀kan ṣoṣo ló wà, ẹni tó bá mú un dání ló ń wọlé, ẹni tó bá bá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn á dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Bí owó bá ń lọ láti àkáǹtì 17 sí 42, prógráàmù mi á mú kọ́kọ́rọ́ 17, lẹ́yìn náà á mú ti 42. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí owó oṣù wọlé, ẹni tó ni 17 ń sanwó fún ẹni tó ni 42, ẹni tó ni 42 náà sì ń dá gbèsè padà fún ẹni tó ni 17, ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Thread kan mú 17, ó ń retí 42. Èkejì mú 42, ó ń retí 17. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní deadlock nìyẹn.

Ohun tó burú jù nínú deadlock ni pé kì í pariwo. Kò sí àṣìṣe kankan nínú log, ìwé tí prógráàmù ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí. Sáfà, kọ̀ǹpútà tí prógráàmù náà ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, kò gbóná, iṣẹ́ tó ń ṣe kò ju ti ẹni tó ń sùn lọ. Gbogbo ẹni tó bá tún fẹ́ fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí 17 tàbí 42 á tò sẹ́yìn àwọn méjì yìí, àwọn náà á sì mú thread tiwọn dání, títí gbogbo thread tí sáfà ní fi tán. Ìgbà yẹn ni ìdákẹ́jẹ́ náà wá kan ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa 17 àti 42. Àwọn ènìyàn rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni.

Mo pa sáfà náà, mo tún un tan, gbogbo nǹkan dára. Mo rò pé ó ti tán. Nígbà tó padà dé, mo fara balẹ̀ kí n tó pa á, mo fi jstack, ohun èlò kan tó bá Java wá, wo ohun tí thread kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó kọ ọ́ sí: “Found one Java-level deadlock”, pẹ̀lú orúkọ thread méjèèjì àti ìlà kóòdù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró sí. Ẹ jọ̀ọ́, bí prógráàmù yín bá dúró, ẹ má pa á kí ẹ tó ya àwòrán àwọn thread rẹ̀ pa mọ́. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ẹ ní nìyẹn, ẹ̀ ń fi ọwọ́ ara yín nù ún nù bí ẹ bá tún un tan.

Ohun mẹ́rin tó gbọ́dọ̀ pé

Ní ọdún 1971, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà mẹ́ta, Coffman, Elphick àti Shoshani, to ohun mẹ́rin jọ tó gbọ́dọ̀ pé kí deadlock tó lè ṣẹlẹ̀. Àkọ́kọ́, ohun náà kò ṣeé lò pọ̀: ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ìkejì, ẹni tó ti mú ọ̀kan ń di í mú bó ti ń retí òmíràn. Ìkẹta, kò sí ẹni tó lè já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkẹrin, ìretí náà yípo: mo ń retí rẹ, ìwọ ń retí ẹlòmíràn, ẹlòmíràn náà ń retí mi.

Ẹ fi ojú mẹ́rin yìí wo àwọn ọmọṣẹ́ méjì yẹn, ẹ ó rí i pé kò sí èyí tó dín. Ẹ ó sì rí i pé ọ̀kan ṣoṣo ni ọ̀gá wọn mú kúrò, ìkẹrin, tí ọ̀rọ̀ fi tán. Ibi tí ìfiwéra gidi wà nìyí. Gbogbo ọ̀nà tí ẹ máa kà nípa rẹ̀, ẹ bi í léèrè pé: èwo nínú mẹ́rin lo máa mú kúrò, kí lo sì máa gbà lọ́wọ́ mi?

| Ọ̀nà | Èyí tó ń mú kúrò | Ibi tó bá mu | Ohun tó ń gbà |
|---|---|---|---|
| Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo fún gbogbo nǹkan | ìkẹrin | prógráàmù kékeré, iṣẹ́ tí kì í pẹ́ | ìlà gígùn bí èrò bá pọ̀ |
| Mímú kọ́kọ́rọ́ ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ | ìkẹrin | ibi tí ẹ ti mọ gbogbo kọ́kọ́rọ́ ṣáájú | kí gbogbo ẹni tó ń kọ kóòdù pa òfin kan mọ́ |
| Dídúró fún ìwọ̀n àkókò, kí a sì jọ̀wọ́ | ìkejì | ibi tí ẹ ò ti mọ ohun tó ń bọ̀ | iṣẹ́ àtúnṣe, ìdádúró |
| Fífi nǹkan sí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo | àkọ́kọ́ | iṣẹ́ tó ń wọlé léraléra sórí nǹkan kan náà | àtúntò prógráàmù |
| Kí database (ibi ìpamọ́ dátà) ṣàwárí rẹ̀, kó fagi lé ọ̀kan | ìkẹta | nǹkan tó wà nínú database | kóòdù tó ń tún iṣẹ́ gbé |

Òkúta kan ṣoṣo

Wọ́n ń sọ ọ́ nílé wa pé òkúta tí àwọn àgbà ń lọ irin sí ni Ìlọrin ti gba orúkọ. Ẹ wo òkúta bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dé, tó bá ẹnì kan níbẹ̀, á dúró kí onítọ̀hún pọ́n àdá rẹ̀ tán. Ìlà lè gùn, oòrùn lè pa ènìyàn, ṣùgbọ́n deadlock kò lè ṣẹlẹ̀ nídìí òkúta kan, torí pé kò sí òkúta kejì tí ẹni tó wà nídìí rẹ̀ máa máa retí.

Kọ́kọ́rọ́ kan fún gbogbo àkáǹtì nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kọ kóòdù máa ń tijú rẹ̀, wọ́n rò pé ti ọmọ ilé-ìwé ni. Èrò mi kò bá tiwọn mu. Bí ohun tí ẹ̀ ń ṣe nínú kọ́kọ́rọ́ náà kò bá ju kí ẹ dín nọ́ńbà kan kù kí ẹ sì fi kún òmíràn nínú mẹ́mórì, kò ní gbà tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹgbẹ́ tó ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan ọmọ ẹgbẹ́ kò ní mọ̀ pé ìlà wà. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí ẹ di kọ́kọ́rọ́ náà mú kí ẹ sì lọ máa fi SMS ránṣẹ́, tàbí kí ẹ máa retí èsì láti sáfà ẹlòmíràn. Òkúta kan tí ẹni tó wà nídìí rẹ̀ sùn lọ nìyẹn.

Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibí. Ìgbà tí mo bá wọn ọ́n tí mo rí i pé ìlà náà ń dun oníbàárà ni mo tó ń pín kọ́kọ́rọ́.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ: òfin bàbá aránṣọ

Ẹ máa rí i pé ibí ni n ó ti pẹ́ jù, torí pé òun ni mo yàn, òun ni mo sì rò pé ọ̀pọ̀ yín yẹ kó yàn. Kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Láti 1968 ni Havender ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní IBM. Ẹ fún gbogbo kọ́kọ́rọ́ ní ipò, kí ẹnikẹ́ni má mú ti ipò tó ga kó tó mú ti ipò tó rẹlẹ̀. Bí gbogbo ènìyàn bá ń gun àtẹ̀gùn kan náà lọ sókè, kò sí bí ẹni tó wà lókè ṣe máa retí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ìretí kò lè yípo mọ́.

Àkáǹtì ní nọ́ńbà tẹ́lẹ̀, nítorí náà ipò ti wà nílẹ̀. Gbogbo àtúnṣe mi kò ju èyí lọ:

```
Akanti akoko = a.nomba < b.nomba ? a : b;
Akanti ekeji = akoko == a ? b : a;

synchronized (akoko) {
  synchronized (ekeji) {
    a.din(iye);
    b.fikun(iye);
  }
}
```

Bóyá 17 ló ń fún 42 ní owó tàbí 42 ló ń fún 17, kọ́kọ́rọ́ 17 ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú. Ẹni tó bá pẹ́ dé á dúró ní ẹnu ọ̀nà 17 láìmú nǹkan kan dání. Ẹ kíyè sí i dáadáa: ọwọ́ òfo ló fi ń dúró. Ohun tí òfin náà rà fún wa gan-an nìyẹn.

Ẹ tún wo ẹni tó fi owó ránṣẹ́ sí ara rẹ̀, láti 17 sí 17. Nínú Java kò sí wàhálà, torí pé thread tó ti ní kọ́kọ́rọ́ kan lè tún un mú. Ṣùgbọ́n Mutex ti Go àti Lock ti Python, kọ́kọ́rọ́ inú èdè méjì mìíràn, kò rí bẹ́ẹ̀. Thread náà á máa retí ara rẹ̀ títí láé. Nínú Python, RLock, kọ́kọ́rọ́ tí thread kan náà lè tún mú, ni ẹ máa lò bí irú rẹ̀ bá lè ṣẹlẹ̀. Nínú Go, ẹ yẹ nọ́ńbà méjèèjì wò ná kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ kankan. Èdè Rust ńkọ́, tí wọ́n máa ń yìn fún ààbò? Kì í jẹ́ kí thread méjì kọ nǹkan sójú kan náà láìní kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n kò dí deadlock lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tó ń kọ C++ ní ìrànlọ́wọ́ tí àwa kò ní. Láti C++11 ni std::lock ti wà, ó ń gba kọ́kọ́rọ́ mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà láìjẹ́ kí deadlock wáyé, bó ti wù kí ẹ tò wọ́n. C++17 wá mú std::scoped_lock wá, tó tún ń dá wọn padà fúnra rẹ̀. Ẹ lò ó, ẹ má bá ara yín jìyà.

Àléébù ọ̀nà yìí wà, mi ò ní fi pamọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni òfin náà. Kò sí ohun tó ń dí ẹni tó bá dé lọ́la lọ́wọ́ láti mú áyọ́ọ̀nù ṣáájú. Ó lè má hàn lójú pàápàá: iṣẹ́ kan mú kọ́kọ́rọ́ 42, ó wá pe iṣẹ́ mìíràn tí ẹlòmíràn kọ, ìyẹn náà lọ mú 17 níbi tí ẹnikẹ́ni kò rí i. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n má ṣe pe kóòdù tí wọn ò mọ inú rẹ̀ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe nínú, kí wọ́n jáde, kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Àwọn tó ń kọ Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Ní 2006 ni Ingo Molnár mú lockdep wọ inú rẹ̀, ohun èlò tó ń ṣọ́ ìtòlẹ́sẹẹsẹ tí wọ́n ń mú kọ́kọ́rọ́. Bó bá rí i lẹ́ẹ̀kan pé wọ́n mú A ṣáájú B, tó tún rí i níbòmíràn pé wọ́n mú B ṣáájú A, á kígbe, bí deadlock kò tilẹ̀ tíì ṣẹlẹ̀ rí. ThreadSanitizer, ohun èlò ìdánwò kan, lè ṣe irú rẹ̀ fún ẹni tó ń kọ C++. Ohun tó dára nínú èyí ni pé kò nílò kí àjálù dé kó tó sọ̀rọ̀.

Dúró díẹ̀, bí kò bá ṣeé ṣe, jọ̀wọ́

Nígbà míràn ẹ ò mọ kọ́kọ́rọ́ kejì títí ẹ ó fi ṣí àkọ́kọ́. Ẹ ṣí ìwé oníbàárà kan, inú rẹ̀ lẹ ti wá rí i pé onídùúró rẹ̀ ni àkáǹtì 9. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ ti bọ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn. Ibí ni kí ẹ dúró fún ìwọ̀n àkókò kan, kí ẹ sì dá ohun tó wà lọ́wọ́ yín padà bí èkejì kò bá wá.

Ẹni tó bá lo synchronized, ọ̀rọ̀ tó ń mú kọ́kọ́rọ́ nínú kóòdù mi lókè, nínú Java kò ní àǹfààní yìí, torí pé dídúró títí lòun mọ̀. ReentrantLock tó bá Java 5 dé ní 2004 ló ní tryLock, tó ń gba iye àkókò. Nínú Python, acquire, àṣẹ tó ń mú kọ́kọ́rọ́, ti ń gba timeout (iye àkókò ìdúró) láti 3.2. Go fi TryLock kún Mutex rẹ̀ ní 1.18, ọdún 2022, ṣùgbọ́n kì í dúró rárá, ìwé ìtọ́sọ́nà Go fúnra rẹ̀ sì sọ pé ó ṣọ̀wọ́n kí lílò rẹ̀ tọ́.

Ewu méjì ló wà. Èkíní ni ohun tí mo máa ń rí lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀. “Ẹ máa wọlé, Àlàájì.” “Háà, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ṣáájú.” Àwọn méjèèjì á sún síwájú, wọ́n á rí ara wọn, àwọn méjèèjì á tún sún sẹ́yìn. Bí thread méjì bá dúró ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì, tí wọ́n jọ jọ̀wọ́, tí wọ́n sì jọ padà wá, wọ́n lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Livelock ni wọ́n ń pè é: gbogbo wọn ń mira, iṣẹ́ kò lọ. Ẹ fi àkókò tí kò dọ́gba sí i, kí kọ̀ǹpútà ṣà á bó bá ṣe wù ú nígbàkigbà tó bá fẹ́ tún gbìyànjú, ọ̀kan á ṣáájú èkejì.

Èkejì wúwo jù. Bí ẹ bá ti dín owó 17 kù kí ẹ tó rí i pé kọ́kọ́rọ́ 42 kò wá, tí ẹ sì jọ̀wọ́, owó ẹnì kan ti sọnù. Ẹ gba gbogbo kọ́kọ́rọ́ tán kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, ẹ ti ní kóòdù ìdápadà lọ́wọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi àkókò ìdúró bo àìsí ìtòlẹ́sẹẹsẹ mọ́lẹ̀: deadlock lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oníbàárà ń dúró ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún láìnídìí.

Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo

Ní búkà tí mo ti ń jẹun lọ́sàn-án, ìyá olóúnjẹ nìkan ló ń fọwọ́ kan ìkòkò. Àwọn ọmọ tó ń gbé àwo kì í bu ọbẹ̀. Wọ́n á kàn dé: “Màámi, àmàlà méjì, ẹran mẹ́ta.” Wọ́n á tò, ìyá á máa bù ú fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ́kọ́rọ́ kò sí níbẹ̀ rárá, torí pé kò sí ohun tí ènìyàn méjì jọ ń fọwọ́ kàn.

Bí wọ́n ṣe ń lo channel, ọ̀nà tí thread kan fi ń ránṣẹ́ sí òmíràn, nínú Go nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni èdè Erlang ṣe kọ́ gbogbo ayé tirẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún iṣẹ́ tó ń wọlé léraléra sórí nǹkan kan: iye ọjà tó kù ní ṣọ́ọ̀bù, nọ́ńbà rìsíìtì, ìlà ìtẹ̀wé. Mi ò yàn án fún àwọn aláfọwọ́sowọ́pọ̀ torí pé prógráàmù náà ti wà, mo sì ní láti tú u palẹ̀ pátápátá kí n tó lè tún un tò bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ẹ ti bọ́. Bí ìyá méjì bá wà, tí ìyá ọbẹ̀ ń retí èsì lọ́dọ̀ ìyá ẹran kó tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, tí ìyá ẹran náà sì ń retí èsì lọ́dọ̀ ìyá ọbẹ̀, àlùmọ́gàjí àti áyọ́ọ̀nù ló tún dé yẹn. Go máa ń kígbe pé “all goroutines are asleep - deadlock!” (goroutine ni orúkọ tí Go fún irú thread tirẹ̀), ṣùgbọ́n ìgbà tí gbogbo wọn bá sùn nìkan ni. Bí ẹyọ kan bá ṣì ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà sáfà, kò ní sọ nǹkan kan nípa méjì tó ti dì sí yàrá.

Nígbà tí database bá jẹ́ adájọ́

PostgreSQL, ọ̀kan nínú àwọn database, kì í dí deadlock lọ́wọ́. Bí transaction kan, ìyẹn ọ̀wọ́ àtúnṣe tó gbọ́dọ̀ wọlé pọ̀ tàbí kó má wọlé rárá, bá ti retí kọ́kọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 1, tí ẹ ò bá yí i padà, á wò ó bóyá ìretí náà yípo. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, á fagi lé ọ̀kan, á sì fi àṣìṣe 40P01 ránṣẹ́. InnoDB ti MySQL, database mìíràn, ń ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú àṣìṣe 1213, ó sì máa ń gbìyànjú láti fagi lé èyí tí àtúnṣe rẹ̀ kéré. Bí wọ́n bá pa ìwádìí náà, àkókò ìdúró ló kù, ìṣẹ́jú àáyá 50 sì ni bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ láti ilé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ gbàgbé ni pé database fagi lé e, kò tún un ṣe. Ẹ̀yin lẹ máa gbé transaction náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kóòdù tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ á kàn sọ fún oníbàárà pé nǹkan kan bàjẹ́. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ sì ṣì wúlò níbí: bí ẹ bá ń fi àṣẹ SELECT FOR UPDATE mú ìlà méjì nínú tábìlì database, ẹ fi ORDER BY tò wọ́n.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti ṣọ́ra jù lọ rèé. Ẹ má ṣe di kọ́kọ́rọ́ Java mú kí ẹ sì tún lọ retí ti database. Thread kan mú kọ́kọ́rọ́ Java, ó ń retí ìlà kan nínú database. Èkejì mú ìlà náà, ó ń retí kọ́kọ́rọ́ Java. Database kò rí Java, jstack kò rí database, kò sí adájọ́ kankan tó rí gbogbo òbìrípo náà. Bí owó bá ti wà nínú database, ẹ jẹ́ kí database nìkan máa mú kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀nà mìíràn tí ẹ máa kà nípa rẹ̀ ni ti Dijkstra, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, tí wọ́n fi bánkì ṣàpèjúwe: kí a má yá ẹnikẹ́ni ní ohun tí kò ní jẹ́ ká lè tẹ́ àwọn yòókù lọ́rùn tán. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí oníkálukú sọ ohun tó máa nílò jù lọ ṣáájú. Nínú prógráàmù tiwa, ó ṣọ̀wọ́n kí a mọ̀ ọ́n.

Èwo ni kí ẹ mú?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi ẹni tó bá wá bá mi: ṣé o mọ gbogbo kọ́kọ́rọ́ tí o máa nílò kí o tó mú àkọ́kọ́?

Bó bá mọ̀ ọ́n, ìtòlẹ́sẹẹsẹ. Owó láti àkáǹtì sí àkáǹtì, ọjà láti ṣọ́ọ̀bù Ọ̀fà sí ti Ọ̀mù-Àrán, àyè ìjókòó méjì nínú ọkọ̀ kan náà, gbogbo wọn wà níbí. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, dídúró fún ìwọ̀n àkókò, pẹ̀lú àkókò tí kò dọ́gba. Bí nǹkan náà bá jẹ́ ẹyọ kan tí gbogbo ayé ń rọ́ wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ọwọ́ ẹnì kan. Bó bá jẹ́ prógráàmù tí ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n sì gba ọjọ́ wọn padà.

Deadlock kan wà tí kò sí kọ́kọ́rọ́ nínú rẹ̀, tí ìbéèrè mi kò bò. Ẹ ní òṣìṣẹ́ thread mẹ́rin. Iṣẹ́ mẹ́rin wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí iṣẹ́ kékeré kan, ó tì í sí ẹ̀yìn ìlà àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rin náà, ó sì jókòó retí rẹ̀. Kò sí òṣìṣẹ́ kankan tó kù tó máa gbé iṣẹ́ kékeré. Ẹ ya òṣìṣẹ́ ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ń retí.

Kí n tó gbé àtúnṣe mi lọ sórí sáfà, mo kọ ìdánwò kan. Àkáǹtì méjì, thread méjì: ọ̀kan ń fi náírà kan ránṣẹ́ láti 17 sí 42, èkejì ń dá a padà, ìgbà 100,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kóòdù àtijọ́ kò tíì lò tó ìṣẹ́jú kan kó tó dì. Mo pa á, mo tún un gbìyànjú, ó tún dì. Mo wá fi ìlà méjì tó ń yan akoko àti ekeji sí i. Àwọn ọmọṣẹ́ nísàlẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ lọ. Ìdánwò náà parí kí n tó gbé ife omi mi kalẹ̀, mo sì ro owó àkáǹtì méjèèjì pọ̀: iye tí mo fi bẹ̀rẹ̀ gan-an ló wà níbẹ̀, kò fi náírà kan lé, kò sì fi náírà kan dín.